Razak Omotoyossi, Atamátàsé Tí Ààlà Kò Dí Lọ́nà

Abdou Razak Omotoyossi jẹ́ atamátàsé tó gbá bọ́ọ̀lù fún orílẹ̀-èdè Benin. Èkó ni wọ́n bí i sí, ní ọjọ́ 8 oṣù kẹwàá ọdún 1985. Bọ́ọ̀lù gbé e dé Moldova, Sweden, Saudi Arabia, Faransé àti Íjíbítì, ó sì wà lára ikọ̀ tí Benin kó lọ síbi Ife Ẹ̀yẹ Áfíríkà ní 2008 àti 2010. Ọdún 2007 ni orúkọ rẹ̀ ròkè jù. Lọ́dún náà, nínú gbogbo àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù ní líìgì àgbà Sweden, ẹnì kan ṣoṣo ló bá a dọ́gba nínú góòlù jíjẹ, kò sì sí ẹni tó jù ú lọ.

Ẹni tó bá dàgbà ní Pobè tàbí ní Sakété kò ní máa ṣe kàyéfì pé ọmọ tí wọ́n bí sí Èkó ló wọ aṣọ Benin. Ẹkùn Plateau ní Benin ni ìlú méjèèjì wà, Pobè sì ni olú ìlú ẹkùn náà. Títì tó ti Àjàṣẹ́ bọ̀ gba Sakété, ó gba Pobè, ó sì bọ́ sí Kétu, Nàìjíríà kò sì jìnnà sí ọwọ́ ọ̀tún èrò ọkọ̀ ní gbogbo ìrìn náà. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1889 ni ìjọba Faransé àti ti Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí ìwé ní ìlú Paris pé àwọn yóò pín ilẹ̀ yìí láàrin ara wọn. Àwọn Ọ̀họ̀rí bọ́ sí apá méjèèjì, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn Ìfọ̀nyìn. Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Ìmẹ̀kọ tó ti ara Kétu jáde bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Láti ìgbà náà ni agbo ilé kan náà ti ń ní ọmọ tó ń ka ìwé Faransé àti ọmọ tó ń ka ìwé Gẹ̀ẹ́sì, àmọ́ tí wọ́n bá pàdé níbi òkú àgbà tàbí ìgbéyàwó, Yorùbá ni wọ́n jọ ń sọ. Èkó sì ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń wá oúnjẹ òòjọ́. Ohun tó yẹ ká fi ṣe ìyàlẹ́nu nínú ìtàn Omotoyossi ni bí ó ṣe rìn jìnnà tó lábẹ́ àsíá orílẹ̀-èdè tí kò tíì ju ẹ̀ẹ̀kan lọ dé Ife Ẹ̀yẹ Áfíríkà nígbà tó bẹ̀rẹ̀.

Ọdún 2005 ni ọ̀nà là. Ní oṣù kìíní ọdún náà, Benin gbàlejò ìdíje Áfíríkà fún àwọn ọ̀dọ́ tí wọn kò tíì pé ogún ọdún, wọ́n sì ṣe ipò kẹta. Ipò yẹn ló gbé wọn lọ sí Netherlands ní oṣù kẹfà fún ìdíje àgbáyé, níbi tí wọ́n ti gbá ọ̀mì pẹ̀lú Australia àti Japan. Omotoyossi wà nínú ikọ̀ náà. Stéphane Sessègnon, tó padà gbá bọ́ọ̀lù fún Paris Saint-Germain àti Sunderland, wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Kò sí àwọn ọ̀dọ́ Benin kankan tó dé irú ìdíje bẹ́ẹ̀ ṣáájú wọn.

Lẹ́yìn ìyẹn ló gba Tiraspol lọ, sí ẹgbẹ́ Sheriff. Tiraspol wà ní ẹ̀gbẹ́ odò Dniester, ní apá ibi tó ti kéde láti 1990 pé òun kò sí lára Moldova mọ́, tó ní owó tirẹ̀ àti ìjọba tirẹ̀, ṣùgbọ́n tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé kò kà sí orílẹ̀-èdè. Síbẹ̀, líìgì Moldova ni Sheriff ń gbá, àwọn ló sì ń gba ife rẹ̀ lọ́dọọdún ní gbogbo àkókò tí Omotoyossi fi wà lọ́dọ̀ wọn. Àwọn tó ń wo bọ́ọ̀lù lónìí mọ ẹgbẹ́ yìí nítorí pé ó lu Real Madrid ní ayò méjì sí ẹyọ kan ní Madrid ní ọdún 2021. Nígbà tí Omotoyossi wà níbẹ̀, ìwọ̀nba ènìyàn ló mọ̀ wọ́n, ọ̀dọ́mọkùnrin láti Áfíríkà tó bá sì balẹ̀ síbẹ̀ mọ̀ pé bí òun kò bá jẹ góòlù, kò sí ẹni tí yóò wá òun wá.

Ó jẹ góòlù, Helsingborg sì wá a wá ní 2007. Ìlú etí òkun ni Helsingborg, ní gúúsù Sweden. Denmark wà ní òdìkejì omi, ibi tí kò ju nǹkan bíi kìlómítà mẹ́rin lọ, tí ọkọ̀ ojú omi ń ná tọ̀sán-tòru bí àwọn ènìyàn ṣe ń ná Ìgólò sí Ìdírókò. Ní Sweden, hockey orí yìnyín ni eré ìgbà òtútù, bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá ló ni ìgbà tí oòrùn bá ràn. Ìdí nìyí tí líìgì wọn fi ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù kẹrin, nígbà tí ọ̀pọ̀ àwọn yòókù ní Yúróòpù ń palẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá ti ilẹ̀ wa lọ kò ní àkókò láti máa bá òtútù ṣe àjọṣe díẹ̀díẹ̀, nítorí ọdún bọ́ọ̀lù kúrú, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n péré ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní lọ́dún náà.

Omotoyossi jẹ góòlù mẹ́rìnlá. Marcus Berg, ọmọ Sweden tó ń gbá fún IFK Göteborg, jẹ mẹ́rìnlá bákan náà, àwọn méjèèjì sì jọ pín ipò àkọ́kọ́. Göteborg ló gba ife, ṣùgbọ́n Helsingborg ní ohun tí ẹgbẹ́ mìíràn kò ní: Henrik Larsson wà níbẹ̀, ẹni tó ti gba ife ẹ̀yẹ Yúróòpù pẹ̀lú Barcelona ní 2006 kó tó padà sí ìlú tí wọ́n bí i sí. Ọmọ Cape Verde ni bàbá Larsson. Báyìí ni góòlù ìlú kékeré kan ní Sweden ṣe wà lọ́wọ́ ọkùnrin méjì tí ẹ̀jẹ̀ Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ń ṣàn nínú wọn, ọ̀kan ti lé ní ọgbọ̀n ọdún dáadáa, ọ̀kan kò ju ọmọ ọdún mọ́kànlélógún lọ nígbà tí líìgì bẹ̀rẹ̀.

Ìdíje UEFA Cup ọdún náà ni mo kà sí òkè iṣẹ́ wọn. Heerenveen ti Netherlands lù wọ́n ní ayò márùn-ún sí mẹ́ta. Nígbà tí wọ́n padà délé, Helsingborg dá a padà ní márùn-ún sí ẹyọ kan. Wọ́n lọ sí Istanbul, wọ́n lu Galatasaray ní mẹ́ta sí méjì, wọ́n sì ṣe ipò kejì lẹ́yìn Bordeaux nínú ìsọ̀rí wọn. PSV Eindhoven ló já wọn kúrò ní oṣù kejì ọdún 2008.

Ní Benin, ìran tirẹ̀ ló sọ Ọ̀kẹ́rẹ́, bí wọ́n ṣe ń pe ikọ̀ orílẹ̀-èdè náà nígbà yẹn, di ẹni tí wọ́n ń retí. Nínú ìdíje láti dé Ife Ẹ̀yẹ 2008, wọ́n ṣe ipò kejì lẹ́yìn Mali, wọ́n sì fi Togo sẹ́yìn, Togo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ife Àgbáyé 2006 dé. Sekondi ní Ghana ni wọ́n ti gbá, wọ́n sì pàdánù ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, Reinhard Fabisch ọmọ Jámánì, sọ ní gbangba pé ẹnì kan wá fi owó lọ òun kí òun lè ta ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀, òun sì kọ̀. Ó ṣaláìsí ní ọdún náà gan-an. Góòlù kan ṣoṣo tí Benin jẹ ní Sekondi, Omotoyossi ló jẹ ẹ́, lọ́jọ́ tí Ivory Coast lù wọ́n ní mẹ́rin sí ẹyọ kan.

Ọjọ́ 29 oṣù kìíní ni wọ́n kojú Nàìjíríà, tí Nàìjíríà sì borí pẹ̀lú ayò méjì sí òdo. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní Benguela ní Angola, wọ́n tún pàdé, pẹnáritì Yakubu Aiyegbeni ló sì ya wọ́n. Kò sí ibi tí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ti ń le tó ẹkùn Plateau. Ọkọ lè wà lẹ́yìn Nàìjíríà kí ìyàwó wà lẹ́yìn Benin, kí ẹ̀gbọ́n tó ń gbé Èkó sì máa pe àbúrò rẹ̀ ní Sakété lórí fóònù bí bọ́ọ̀lù ṣe ń lọ. Ọmọ Èkó tó wà níwájú ikọ̀ Benin ń gbé nínú ara rẹ̀ ohun tí àwọn ènìyàn yìí ti ń gbé láti 1889.

Wọ́n dé Angola nítorí pé wọ́n ṣe ipò kejì lẹ́yìn Ghana nínú ìdíje tó jẹ́ ti Ife Àgbáyé 2010 pẹ̀lú, tí wọ́n sì fi Mali sí ipò kẹta. Kútọnu ni wọ́n ti lu Ghana ní oṣù kẹwàá 2009, ayò kan sí òdo, Ghana kan náà tó dé kọ́tà fáínà Ife Àgbáyé ní South Africa. Ní Benguela, wọ́n fi ayò méjì ṣíwájú Mozambique, pẹnáritì Omotoyossi ni àkọ́kọ́, agbábọ́ọ̀lù Mozambique ló gbá èkejì sínú àwọ̀n ara rẹ̀. Ọ̀mì ló padà parí sí. Nígbà tí wọ́n délé, àjọ bọ́ọ̀lù Benin lé akọ́nimọ̀ọ́gbá Michel Dussuyer, ó sì tú gbogbo ikọ̀ náà ká. Lójú tèmi, ìwà ìkánjú ni, nítorí àwọn ọmọkùnrin yìí ló gbé orílẹ̀-èdè náà dé ibi tí kò dé rí.

Ìrìn tó kù kò rọrùn tó ti Helsingborg. Al-Nassr ní Riyadh ló rà á ní 2008. Ní 2009 ó lọ sí Metz, tó wà ní ìpele kejì ní Faransé, ìlú mìíràn tó wà nítòsí ààlà, tó wà lábẹ́ Jámánì láti 1871 títí di 1918. Lẹ́yìn náà ló bọ́ sí Zamalek ní Cairo, ní àkókò tí nǹkan le fún bọ́ọ̀lù Íjíbítì: ní ọjọ́ 1 oṣù kejì ọdún 2012, ó lé ní àádọ́rin ènìyàn tó kú ní pápá Port Said, wọ́n sì pa líìgì tì.

Ó di ọdún 2019 kí Benin tó tún dé Ife Ẹ̀yẹ Áfíríkà. Mickaël Poté jẹ góòlù méjì sí àwọ̀n Ghana nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àkọ́kọ́, ikọ̀ náà sì já Morocco kúrò, wọ́n dé kọ́tà fáínà. Títí di ọjọ́ tí Poté fi jẹ góòlù yẹn, mẹ́rin péré ni góòlù tó wà lórúkọ Benin nínú ìdíje náà láti 2004: Moussa Latoundji jẹ ọ̀kan, ọmọ Mozambique fúnra rẹ̀ ló fún wọn ní ọ̀kan, Razak Omotoyossi ló sì jẹ méjì tó kù.