Ihò Kékeré Tí Wọ́n Fi Ṣẹ̀sín

Láyé ọjọ́un, ẹni tí òkúta bá wà nínú àpò òróòro rẹ̀, àfi kí dókítà la ikùn rẹ̀ gbọọrọ. Á sùn sí ọsibítù fún bí ọ̀sẹ̀ kan, á sì tó ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kó tó padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ní 1980, ní ìlú Kiel ní Jámánì, Kurt Semm, dókítà tó ń tọ́jú obìnrin, fẹ́ gáàsì sínú ikùn kó lè fẹ̀, ó ki ọ̀pá awò oníná bọ ihò kékeré, ó sì yọ àpẹ́ńdíìsì. Dípò kí wọ́n kí i kú iṣẹ́, àwọn kan ní kí wọ́n gba ìwé àṣẹ ìṣègùn lọ́wọ́ rẹ̀! Ní 1985, Erich Mühe fi irú ọgbọ́n yìí yọ àpò òróòro ní Böblingen. Nígbà tó ròyìn rẹ̀ fún ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ abẹ Jámánì ní 1986, wọ́n fi í ṣẹ̀sín. Ẹgbẹ́ yìí kan náà ló wá fún un ní ẹ̀bùn ọlá ní 1992.

Kí ló ń bí wọn nínú ná? Ọ̀rọ̀ àwọn àgbà iṣẹ́ náà ni pé oníṣẹ́ abẹ ńlá ló ń dá ọgbẹ́ ńlá. Lójú tèmi, ọwọ́ tó mú abẹ ni wọ́n ń wò, wọ́n gbàgbé ẹni tó sùn lábẹ́ rẹ̀. Àwọn aláìsàn ló parí ẹjọ́ ọ̀hún: ẹni tó lè relé lọ́jọ́ kejì, ṣé yóò tún bẹ̀bẹ̀ fún ọgbẹ́ gbọọrọ?

Mi ò ní abẹ ńlá ò wúlò mọ́ o. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń ya, tí awò ò ríran, dandan ni kí wọ́n là á. Ṣùgbọ́n ìrora aláìsàn kì í ṣe ẹ̀rí pé dókítà mọṣẹ́.