Èlé Wà Lórí Igi

Ìwé àdéhùn kan wà lọ́wọ́ mi tí wọ́n kọ ní 1954. Bàbá tó bí bàbá mi ló tẹ àtàǹpàkò sí i, àwọn ẹlẹ́rìí méjì sì tẹ tiwọn sábẹ́ rẹ̀. Ogójì pọ́n-ùn ni bàbá yá. Oko kòkó rẹ̀ kan lẹ́yìn Ìdànrè ló fi dúró. Kò sí èlé kankan nínú ìwé náà. Ohun tí akọ̀wé kọ ni pé olówó yóò máa ká kòkó inú oko títí di ọjọ́ tí ogójì pọ́n-ùn rẹ̀ yóò fi pé lọ́wọ́. Ẹni tó bá kà á wàrà-wàrà á ní àánú ni wọ́n ṣe bàbá. Èlé wà lórí igi.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn àgbẹ̀ ní Aládé. Nígbà tí báńkì àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi kún èlé, láti ìdá 11.5 nínú ọgọ́rùn-ún ní ìbẹ̀rẹ̀ 2022 títí ó fi dé 27.5 ní November 2024, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ á gbọ́ ọ lórí rédíò, wọ́n á wá bi mí pé èwo ló kan àwọn níbẹ̀. Mo máa ń dá wọn lóhùn pé èlé ti wà lọ́rùn àgbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó kọ́ báńkì sí ilẹ̀ yìí. Ohun tí wọ́n fi ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ló ń yí padà.

Láyé owó ẹyọ, ara ni wọ́n fi ń gbà á. Ẹni tí òkú já lé lórí, tàbí tí ẹjọ́ tàbí ogun kó sí gbèsè, á tọ olówó lọ, á mú onígbọ̀wọ́ dání, á sì fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ tàbí àbúrò rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà. Iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe ni èlé. Owó tí wọ́n yá gan-an kì í dín. Ènìyàn lè sìngbà títí irun á fi funfun lórí rẹ̀, kí ọ̀kẹ́ owó tó jẹ ṣì jókòó bó ṣe wà lọ́jọ́ tó gbà á. Samuel Johnson, àlùfáà tó kọ ìtàn àwọn Yorùbá, tí wọ́n tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1921 lẹ́yìn ikú rẹ̀, ya ìwọ̀fà sọ́tọ̀ gedegbe kúrò lára ẹrú: kò ṣeé tà, ọmọ ìlú ni, àgbà tó jẹ́ ìwọ̀fà ń sùn nílé ara rẹ̀, ó sì ń ráyè ro oko tirẹ̀ lẹ́yìn tó bá ti ṣe ti olówó. Òótọ́ ni. Àmọ́ àlùfáà kò kọ ebè nítorí gbèsè ẹlòmíràn rí. Ọmọdé tí wọ́n fi ṣe ìwọ̀fà, ilé olówó ló ń gbé tàárọ̀ tàlẹ́, kò sì sí ẹni tó bi í léèrè kí wọ́n tó gba owó náà.

Ẹni tó yáwó tí kò san, ológò ló ń bá a. Iṣẹ́ ológò ni kó wọ agbo ilé onígbèsè, kó tẹ́ ẹní sójú ọ̀nà níbi tí kò sẹ́ni tó lè gbà kọjá láìrí i, kó máa pariwo, kó máa bú tàgbà tèwe. Adìẹ tó bá kọjá, á mú un, á pa á jẹ. Ewúrẹ́ náà ń bẹ níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ lé e, torí àwọn ìjòyè mọ̀ sí i. Ọgbọ́n ibẹ̀ ni pé kì í ṣe onígbèsè nìkan ló ń dà láàmú: àwọn ará ilé tí wọn ò mọ ìgbà tí wọ́n yáwó náà, tí adìẹ wọn sì ti di ọbẹ̀, ni yóò dá owó jọ kí ọkùnrin yìí lè ká ẹní rẹ̀. Àwọn òṣómàáló Ìjẹ̀ṣà tó ń ta aṣọ láwìn kiri abúlé láyé òyìnbó mú díẹ̀ lò nínú ọgbọ́n náà. Wọ́n kàn ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè ni, wọn kì í pa adìẹ.

Kòkó ló sọ èlé di ti igi. Ìjọba òyìnbó kò fẹ́ràn ìwọ̀fà, ilé ẹjọ́ sì ń fún un lọ́rùn díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, igi kòkó ṣe ju òfin lọ. Ilẹ̀ jẹ́ ti ẹbí, kò ṣeé tà. Igi, ẹni tó gbìn ín ló ni ín. Nígbà tí igi bá ti so, ó di ohun tí olówó lè gbà dúró: kì í sá lọ, kì í ṣàìsàn bí ọmọ ènìyàn, ó sì lè so fún ọgbọ̀n ọdún.

Wàhálà àkọ́kọ́ dé lẹ́yìn 1929, nígbà tí ọjà àgbáyé wó tí owó kòkó sì wó pẹ̀lú rẹ̀. Ẹni tó yáwó ní 1927 láti fi kan páànù, iye tó wà nínú ìwé rẹ̀ kò yí padà, àmọ́ àpò kòkó tí yóò tà kó tó rí i san ti pọ̀ ju tàtẹ̀yìnwá lọ fíìfíì. Kò sẹ́ni tó fi kọ́bọ̀ kún èlé rẹ̀. Ó gòkè bẹ́ẹ̀. Ìjọba ṣe òfin ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ní 1935, àwọn àgbẹ̀ ní Gbẹ́dun nítòsí Ìbàdàn sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ kó kòkó wọn pọ̀ tà kí wọ́n lè bọ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń san owó sílẹ̀ kí kòkó tó pọ́n. Báńkì aláfọwọ́sowọ́pọ̀ dé sí Ìbàdàn ní 1953. Àwọn yìí ràn wá lọ́wọ́, kò sí irọ́ níbẹ̀, àmọ́ owó wọn kò kárí.

Ní 1954 tí bàbá àgbà fi oko dúró, kòkó wọ́n. Ìyẹn ló jẹ́ kó yá a lójú. Ó fẹ́ rán ọmọ rẹ̀ àkọ́bí lọ sí girama, ó sì rò pé òun á gba oko òun láàárín ọdún méjì. Owó kòkó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀. Ní 1965, iye tí bọ́ọ̀dù ìjọba tó ń ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀ ń rà á já wálẹ̀ gan-an, owó orí sì ń bẹ níbẹ̀. Ìbínú yẹn wà lára ohun tó bí Àgbẹ́kọ̀yà, ọ̀tẹ̀ àwọn àgbẹ̀, ní 1968 àti 1969, tí Tàfá Adéoyè, olórí wọn, àti àwọn èèyàn rẹ̀ fi jà títí ìjọba fi dín owó orí sí pọ́n-ùn méjì. Gbèsè orí igi kò sí nínú ohun tí wọ́n dín.

Lẹ́yìn ogun abẹ́lé ni bàbá mi tó rí ogójì pọ́n-ùn náà san. Mo tẹ̀ lé e lọ wo oko. Afòmọ́ ti bo orí igi, koríko dé wa ní ìbàdí, àwọn èso dúdú tó ti rà ṣì rọ̀ mọ́ ara igi láti ọdún tó kọjá torí kò sẹ́ni tó já wọn dànù. Olówó ń ká, kì í ro. Èéṣe tí yóò fi ro ó? Kò mọ ọjọ́ tí wọ́n á wá gbà á. Igi tí ikú rẹ̀ ti sún mọ́lé ni wọ́n dá padà fún wa, èyí náà sì jẹ́ èlé tí kò sẹ́ni tó kọ sílẹ̀.

Ní 1986, wọ́n tú bọ́ọ̀dù ká, náírà wó, owó kòkó sì fò sókè. Inú àgbẹ̀ tí oko rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ dùn. Ẹni tó ti fi tirẹ̀ dúró ní ọdún méjì ṣáájú ń wo olówó bó ṣe ń fi ìkórè ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo gba ohun tó pọ̀ ju owó tó yá a lọ. Irú rẹ̀ náà ló ṣẹlẹ̀ ní 2024, nígbà tí tọ́ọ̀nù kan kòkó kọjá ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá dọ́là lọ́jà àgbáyé. Nítorí náà, nínú ẹgbẹ́ tiwa, a kì í jẹ́rìí sí ìwé oko mọ́ àfi tí iye ọdún bá wà nínú rẹ̀, tí wọ́n sì kọ ọ́ pé ẹni tó ń ká ni yóò máa ro.

Àwọn obìnrin wa ni mi ò tíì mọ ohun tí a ó ṣe fún. Owó gbọ́múlélántà ni wọ́n ń gbà, ìyẹn ẹ̀yáwó kéékèèké tí àwọn obìnrin ń gbà ní ẹgbẹẹgbẹ́, tí wọ́n ń san lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kòkó ọkọ wọn sì rèé, láti bí October sí January ló ń mówó gidi wálé. Tí ẹnì kan bá kù díẹ̀ káàtó lọ́jọ́ ìpàdé, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ń dá dúró, wọn ò sì ní kúrò nílé rẹ̀ kó tó san: ológò ti padà, ó kàn wọ ìró àti bùbá ni. Àwọn tó ń yáni lówó lórí fóònù kò tilẹ̀ nílò ẹní. Wọ́n á fi ọ̀rọ̀ àbùkù ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ wà lọ́wọ́ onígbèsè.

Ní September 2025, báńkì àpapọ̀ dín èlé kù sí 27. Mo bi àwọn obìnrin náà bóyá tiwọn dín. Wọ́n ní iye tí àwọn ń san ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kò yí padà. Ọ̀kan nínú wọn wá béèrè bóyá ẹgbẹ́ wa lè bá òun san ti ọ̀sẹ̀ yẹn.