Eré Sísá àti Eré Ṣíṣe: Ìtàn Alùpùpù Láti Ojú Títì Dé Ojú Amóhùnmáwòrán

  

Ìfáárà

Ó lè ya àwọn kan nínú yín lẹ́nu pé ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ mọ́ ewì àti ìtàn àròsọ dìde láti sọ̀rọ̀ lórí géèmù alùpùpù, èyí tí àwọn ọmọ máa ń jókòó tì níwájú amóhùnmáwòrán pẹ̀lú pádì lọ́wọ́. Inú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú èdè wa ni mo ti fẹ́ mú un. Bí a bá ní ọmọ ń ṣeré, eré ni ó ń ṣe. Bí a bá ní ó ń sáré, eré ni ó ń sá. Eré tó wà nínú méjèèjì, bákan náà ni a ń pè é, bákan náà ni a sì ń kọ ọ́. Èdè wa kò ya ìgbádùn sọ́tọ̀ kúrò lára ìyára.

Ohun tí mo fẹ́ fi hàn ni pé ìtàn alùpùpù jẹ́ ìtàn bí eré méjèèjì yìí ṣe ń pàdé tí wọ́n sì ń pínyà. Bí a kò bá kọ́ ọmọ wa láti mọ ibi tí ọ̀kan parí sí kí èkejì tó bẹ̀rẹ̀, ojú títì ni yóò kọ́ ọ, ẹ̀kọ́ ojú títì kì í sì í sábà ní àtúnkọ́.

Bí alùpùpù ṣe bọ́ sójú ìje

Ní ọdún 1885 ni Gottlieb Daimler àti Wilhelm Maybach, ní ilẹ̀ Jámánì, gbé ẹ́ńjìnnì lé orí kẹ̀kẹ́ tí a fi igi ṣe. Kò tíì pé ọdún márùndínlọ́gbọ̀n lẹ́yìn náà tí àwọn ènìyàn fi ń fi irú ohun ìrìnnà bẹ́ẹ̀ díje. Ní 1907 ni ìje kìíní wáyé ní Isle of Man, erékùṣù kan láàrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ilẹ̀ Ireland. Ojú títì tí ará ìlú ń rìn lójoojúmọ́ ni wọ́n ń dí fún ìje náà. Ọ̀nà orí òkè tí wọ́n ń lò báyìí gùn ju ọgọ́ta kìlómítà lọ, àwọn tó sì ti kú lójú rẹ̀ láti 1911 ti ju 250 lọ. Ní 1949 ni ìdíje àgbáyé bẹ̀rẹ̀.

Ní ilẹ̀ Japan, Soichiro Honda dá ilé-iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní 1948. Ní 1958, ilé-iṣẹ́ náà gbé Super Cub jáde: alùpùpù kékeré, tí kò mu epo púpọ̀, tí ó wà fún ẹni tó ń lọ sí ibi iṣẹ́ àti ẹni tó ń ru ẹrù. Ọdún kan péré lẹ́yìn èyí, ní 1959, Honda kan náà gbé alùpùpù mìíràn lọ sí ìje Isle of Man. Ẹ kíyè sí i pé agbo ilé kan náà ni alùpùpù iṣẹ́ àti alùpùpù ìje ti jáde. Títí di 2017, iye Super Cub tí wọ́n ti ṣe ti pé ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù. Alùpùpù ìje ni ó gba ògo, ṣùgbọ́n alùpùpù iṣẹ́ ni ó gbọ́ bùkátà aráyé.

Bí ìje ṣe wọ inú ẹ̀rọ

Ní 1972 ni ẹ̀rọ géèmù kìíní tí a lè so mọ́ amóhùnmáwòrán nínú ilé dé ọjà ní Amẹ́ríkà. Odyssey ni wọ́n ń pè é, iṣẹ́ ọwọ́ Ralph Baer sì ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Kò pẹ́ tí alùpùpù fi wọ inú ẹ̀rọ. Ní 1976, Sega ṣe Moto-Cross fún àwọn gbàgede tí ènìyàn ti ń fi owó ẹyọ ṣeré. Ọwọ́ alùpùpù gidi ni wọ́n fi sí i lára, ó sì máa ń gbọ̀n nígbà tí ẹni tó ń ṣe é bá forí sọ ohun kan. Ní 1985, Sega tún gbé Hang-On jáde, èyí tí Yu Suzuki ṣe. Orí alùpùpù ńlá ni oníṣeré máa ń jókòó sí, tí yóò sì fi gbogbo ara tẹ̀ sọ́tùn-ún tẹ̀ sósì.

Ṣùgbọ́n inú ilé ni ìyípadà ńlá ti dé. Ní 1984, Nintendo gbé Excitebike jáde fún ẹ̀rọ ilé tirẹ̀. Nínú eré yìí, bí oníṣeré bá ń fún alùpùpù níná láì sinmi, ẹ́ńjìnnì yóò gbóná jù, alùpùpù yóò sì dúró gbagidi. Ohun tí a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a fagbára mú ní í le koko: òwe yìí gan-an ni ẹ̀rọ Japan náà ń pa. Ẹni tó bá ní ìwàǹwára nìkan ni géèmù fi ń kọ́ ọmọ kò tíì wo Excitebike dáadáa.

Ní 1991 ni Road Rash dé. Ojú títì California ni ìje rẹ̀ wà, àárín ọkọ̀ àwọn ará ìlú, pẹ̀lú ọlọ́pàá lẹ́yìn. Àwọn oníje ń lu ara wọn ní ẹ̀ṣẹ́ àti kùmọ̀. Bí ẹnì kan bá ṣubú, yóò dìde, yóò sì sáré padà sídìí alùpùpù rẹ̀. Ní 2000 ni PlayStation kejì jáde, èyí tí iye rẹ̀ tí wọ́n tà ju mílíọ̀nù 150 lọ. Ọdún kan náà ni Namco gbé MotoGP jáde fún un. Láti 2013 ni Milestone ti ilẹ̀ Ítálì ti wá ń gbé géèmù ìdíje àgbáyé náà jáde. Ní 2018, wọ́n yá àwòrán ọ̀nà Isle of Man gan-an wọ inú ẹ̀rọ. Igun kọ̀ọ̀kan wà níbẹ̀, ògiri ilé kọ̀ọ̀kan wà níbẹ̀, ohun kan ṣoṣo tí kò sí níbẹ̀ ni ikú. Eré sísá ti padà di eré ṣíṣe.

Ọ̀kadà àti ọ̀nà Uso

Ẹ jẹ́ kí a padà sílé. Uso wà lójú ọ̀nà tí ó ti Àkúrẹ́ lọ sí Ọ̀wọ̀, tí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ńláńlá ń gbà kọjá lọ sí ìhà Ìbíní. Ìlú àgbẹ̀ ni. Kòkó, obì, iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbọ́dọ̀ ti oko jáde sí títì, ọ̀nà oko kò sì gba ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin níbi gbogbo. Nígbà kan, olówó oṣù ni alùpùpù wà fún ní irú ìlú bẹ́ẹ̀: tíṣà, nọ́ọ̀sì, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń bẹ oko wò. Lẹ́yìn ètò àtúntò ọrọ̀-ajé tí ìjọba Ibrahim Babangida gbé kalẹ̀ ní 1986, iṣẹ́ wọ́n, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ gbówó lórí, alùpùpù sì di ohun tí ọ̀dọ́ fi ń jẹun.

Orúkọ tí a sọ ọ́ pàápàá ní ìtàn. Ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú Okada Air, tí Gabriel Igbinedion dá sílẹ̀ ní 1983, ni a ti rí i, Okada sì ni orúkọ ìlú rẹ̀. Ọkọ̀ òfurufú náà ti kógbá sílé tipẹ́, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ ń bẹ lójú títì títí dòní. Àwọn tó sọ ọ́ lórúkọ fi ń yin ìyára ni. Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí a fi òye wo ìyàtọ̀. Nínú ìje, ẹnì kan ṣoṣo ní í gba ipò kìíní. Nínú iṣẹ́ ọ̀kadà, kò sí ipò kìíní: kí èrò dé ilé, kí kòkó dé ọ̀dọ̀ ẹni tí yóò rà á, kí aláboyún dé ilé ìwòsàn, ìyẹn ni ìṣẹ́gun. Kò sí ẹni tí ẹ̀yìn ń gbé nínú géèmù ìje tí mo ti mẹ́nu bà. Oníṣeré nìkan ló wà lórí ìjókòó.

Àṣíborí àti igbá

Ní oṣù kìíní 2009, Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó bẹ̀rẹ̀ sí í fi agbára mú òfin pé gbogbo ọlọ́kadà àti èrò rẹ̀ gbọ́dọ̀ dé àṣíborí. Ìròyìn kàn káàkiri ayé pé àwọn kan ń fi igbá dórí, àwọn mìíràn agolo ọ̀dà, kí ọlọ́pàá má baà mú wọn. Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: oníje inú géèmù, ẹni tí kò lè kú, kì í gun alùpùpù láì dé àṣíborí. Ọlọ́kadà wa, ẹni tí orí rẹ̀ lè fọ́, ni ó dé igbá. Níbi yìí, eré inú ẹ̀rọ sún mọ́ òótọ́ ju ojú títì wa lọ. Nítorí náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí a di gbogbo ẹ̀bi ru géèmù. Ọ̀nà tó bàjẹ́, àìkọ́ṣẹ́ àti àìkọbiara sí òfin ti wà kí pádì tó dé ọwọ́ ọmọ wa.

Lítíréṣọ̀ wa ti rí èyí tipẹ́. Ní 1965, Wọlé Ṣóyínká gbé eré onítàn rẹ̀, The Road, jáde, nínú èyí tí ọ̀gbẹ́ni kan tí wọ́n ń pè ní Professor ń ṣe ayédèrú ìwé ìwakọ̀ fún àwọn awakọ̀. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ dá Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó sílẹ̀ ní 1988, òun náà ni alága rẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹ rí i pé ìtumọ̀ kẹta ti wọ inú ọ̀rọ̀ wa: eré orí ìtàgé. Ẹni tó kọ eré nípa títì náà ni a pè kí ó wá dín eré kù lójú títì.

Ohun tí àlọ́ mọ̀

Nígbà tí apàlọ́ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, yóò ní, "Ààlọ́ o!" Àwọn ọmọ yóò dáhùn pé, "Ààlọ̀!" Ìpè àti ìdáhùn yìí ni ẹnu-ọ̀nà. Bí ọmọ bá ti dáhùn, ó mọ̀ pé òun ti wọ ibi tí ìjàpá ti lè jábọ́ láti ojú ọ̀run kí ó sì tún yè. Nígbà tí àlọ́ bá parí, apàlọ́ yóò sọ pé ó parí, yóò sì sọ ẹ̀kọ́ inú rẹ̀. Kò sí ọmọ tó gbọ́ àlọ́ tán tó lọ fò láti orí ọ̀pẹ.

Géèmù ìje kò ní apàlọ́. Ọmọ tẹ bọ́tìnnì, ó wọlé. Iná lọ, ó jáde. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé, níbi tí o ti wá yìí, ẹni tó ṣubú máa ń dìde. Níbi tí o ń lọ yìí, kì í dìde. Àwọn tó kọ́ ẹ̀rọ náà kò mọ ọ̀nà Uso. Àwa ni a mọ̀ ọ́n. Àwa ni ó yẹ kí a jẹ́ apàlọ́.

Àwọn ọmọ wa ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbìyànjú. Ní 2012 ni wọ́n dá Maliyo Games sílẹ̀ ní Èkó. Okada Ride wà lára àwọn géèmù tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe, ọlọ́kadà sì ni akọni inú rẹ̀. Ìgbésẹ̀ gidi ni èyí. Mo ń fẹ́ kí ẹnì kan tún gbé e síwájú: kí ó ṣe géèmù tí àpò kòkó wà lẹ́yìn, tí ìyá àgbà wà láàrin, tí òjò ti fọ ọ̀nà, tí ọkọ̀ akẹ́rù sì ń bọ̀ níwájú, kí ó wá jẹ́ pé ẹni tó mú gbogbo wọn délé láyọ̀ ni ó gba máàkì.

Ìkádìí

A ti rí i pé alùpùpù bẹ̀rẹ̀ bí ohun ìrìnnà, ó di ohun ìje, ó di eré inú ẹ̀rọ, ó sì di oúnjẹ lọ́wọ́ ọ̀dọ́ wa. Mo rọ ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ wa kí ó gba géèmù gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan lára ohun tí a ń yẹ̀ wò nínú lítíréṣọ̀, nítorí pé ó ní ẹ̀dá ìtàn, ó ní ibùdó ìtàn, ó sì ní ẹ̀kọ́, yálà a fẹ́ tàbí a kọ̀. Mo rọ ẹ̀yin òbí pẹ̀lú pé kí ẹ má kàn gba pádì lọ́wọ́ ọmọ. Ẹ jókòó tì í. Bí ó bá ṣubú tó sì dìde nínú ẹ̀rọ, ẹ bi í pé ta ni yóò gbé e dìde ní ọ̀nà Ọ̀wọ̀. Kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ dáhùn.

 Kí Elédùmarè mú kálukú wa délé láyọ̀ o.