Ọkùnrin Tó Fi Téèpù Wọn Ilé Alámọ̀

Ìtàn ilé la gbé wá lónìí. Ẹni tó bá mọ Òkèlúsè, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ̀, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, á ti gbọ́ pé òkúta tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ǹtì pọ̀ nínú ilẹ̀ ìlú náà. Ṣùgbọ́n kí sìmẹ́ǹtì tó dé, amọ̀ ni àwọn baba ńlá wa fi ń kọ́lé ní gbogbo agbègbè yẹn, láti Òkèlúsè títí dé Ọ̀wọ̀. Búlọ́ọ̀kù ti gbapò amọ̀ báyìí. Ìbéèrè wa ni pé: bí ilé alámọ̀ tó kẹ́yìn bá wó, ta ló máa lè sọ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ?

Ẹnì kan wà tó fi ọ̀pọ̀ ọdún wá ìdáhùn sí ìbéèrè yìí. Kì í ṣe Yorùbá, kì í tiẹ̀ ṣe ọmọ Nàìjíríà. Zbigniew Dmochowski lorúkọ rẹ̀, ọmọ Poland ni, ọdún 1906 ni wọ́n bí i. Akítẹ́ẹ̀tì ni.

Kí á tó dé Nàìjíríà, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yà sí Warsaw, olú ìlú Poland. Ní yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà níbẹ̀, ọ̀jọ̀gbọ́n kan wà tó ń jẹ́ Oskar Sosnowski. Iṣẹ́ tó máa ń fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ni pé kí wọ́n mú téèpù, kí wọ́n lọ wọn àwọn ilé àtijọ́, kí wọ́n sì yà wọ́n sórí bébà: ògiri, òrùlé, fèrèsé, gbogbo rẹ̀ pátá. Abẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n yìí ni Dmochowski ti ṣiṣẹ́. Nígbà tó yá, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí àwọn abúlé láti yàwòrán ilé onípákó tí àwọn àgbẹ̀ ń gbé.

Ogun dé ní 1939. Sosnowski kú ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà, níbi tó ti ń gbìyànjú láti gba àwọn àwòrán náà là. Ní 1944, àwọn ọmọ ogun Jámánì fọ́ Warsaw túútúú. Nínú ìlú àtijọ́ tó wà láàárín rẹ̀, ó lé ní ìdá márùn-dín-láàádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún (85%) tó di òkìtì àlàpà. Ṣùgbọ́n àwọn kan ti jí àwọn bébà yẹn gbé jáde, wọ́n sì fi wọ́n pamọ́ sí ìlú Piotrków. Nígbà tí ogun parí, àwọn àwòrán wọ̀nyẹn wà lára ohun tí wọ́n wò tí wọ́n fi tún ìlú náà kọ́. Ní 1980, UNESCO fi ìlú àtijọ́ yẹn sínú àwọn ibi tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ máa dáàbò bò. Ẹ ò rí i? Ilé wó, ṣùgbọ́n bébà kò jẹ́ kó parun.

Ọgbọ́n yìí ni Dmochowski gbé wá sí Nàìjíríà ní 1958. Ó ń bá ẹ̀ka ìjọba tó ń bójú tó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ṣiṣẹ́. Ó rin ilẹ̀ Haúsá, ilẹ̀ Yorùbá, Ẹdó àti ilẹ̀ Igbo. Bó bá dé inú agbo ilé, yóò wọn bí ògiri ṣe nípọn tó, bí òpó ṣe jìnnà síra, àti bí òrùlé ṣe dà. Nínú àwọn àwòrán rẹ̀, ó máa ń ya ilé bí ẹni pé wọ́n ṣí òrùlé rẹ̀ kúrò, kí ẹni tó ń wò ó lè rí yàrá, ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti àgbàlá lẹ́ẹ̀kan náà.

Kí ló wà nínú ilé alámọ̀ tó tó bẹ́ẹ̀? Ó pọ̀. Wọn kì í mọ ògiri tán lọ́jọ́ kan. Wọ́n á fi ẹsẹ̀ po amọ̀, wọ́n á mọ ìpele kan, wọ́n á jẹ́ kó gbẹ kí wọ́n tó gbé òmíràn lé e. Òrùlé gbọ́dọ̀ yọ síwájú dáadáa, nítorí òjò ni ọ̀tá amọ̀. Ní ààfin Ọlọ́wọ̀, ìtàn sọ pé àgbàlá tó wà níbẹ̀ tó ọgọ́rùn-ún (100), ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú iṣẹ́ tirẹ̀. Wọ́n tẹ́ òkúta wẹ́wẹ́ tàbí àpáàdì sí ilẹ̀ àwọn kan. Wọ́n gbẹ́ ère ọba lórí ẹṣin sára òpó. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló kù lónìí.

Dmochowski padà sí Poland, ó sì di ọ̀jọ̀gbọ́n ní yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ní ìlú Gdańsk. Ṣùgbọ́n Nàìjíríà kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Ní àwọn ọdún 1970, ó tún padà wá láti dá mùsíọ́mù ilé ìbílẹ̀ sílẹ̀ ní Jos. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ odi Kano àti mọ́ṣáláṣí Zaria bí wọ́n ṣe rí gan-an, kí èèyàn lè rìn wọnú wọn. Ó kú ní 1982. Ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn náà, ní 1990, ìwé rẹ̀ jáde ní apá mẹ́ta. Apá kejì ni ilẹ̀ Yorùbá wà.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ìdí tí a fi sọ ìtàn yìí rèé. Téèpù, pẹ́ńsù àti bébà ni ọkùnrin yẹn ní. Fóònù tó wà lọ́wọ́ yín ń ya fọ́tò, ó ń ya fídíò, ó sì ń gba ohùn sílẹ̀. Bí ẹ bá lọ sílé lọ́dún, tí ilé alámọ̀ bàbá bàbá yín ṣì dúró, ẹ yà á láti gbogbo ìgun rẹ̀. Ẹ wọn yàrá àti àgbàlá. Ẹ bi àwọn àgbà léèrè orúkọ tí wọ́n ń pe apá kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì gba ohùn wọn sílẹ̀. Ẹ tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀ sí ibi méjì, nítorí fóònù náà ń sọnù. Ilé lè wó tó bá yá. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní òṣùwọ̀n rẹ̀ lọ́wọ́ ṣì lè tún un kọ́.