Chernivtsi: Ogún Àwọn Tí Kò Sí Nílé Mọ́

Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ yìí ni bí a ṣe lè tọ́jú ogún ìlú kan nígbà tí àwọn tí ó ni ín kò sí níbẹ̀ mọ́. Chernivtsi ni a fi ṣe àpẹẹrẹ, ìlú kan ní ìwọ̀-oòrùn Ukraine, nítòsí ẹnubodè Ròmáníà. Lábẹ́ ìjọba Ọ́síríà, láti 1775 títí di 1918, Czernowitz ni orúkọ rẹ̀. Nígbà tí Ròmáníà gbà á, ó di Cernăuți. Àwọn Júù, ará Ukraine, ará Ròmáníà, ará Póláńdì àti ará Jámánì jọ ń gbé ibẹ̀, kò sì sí ìran kan tí ó tó ìdajì àwọn ará ìlú. Ibẹ̀ ni àwọn òǹkọ̀wé Júù ti pàdé ní ọdún 1908, tí wọ́n kéde pé èdè Yídíìṣì, tí ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ń fojú tẹ́ńbẹ́lú, jẹ́ ọ̀kan nínú èdè àjogúnbá ìran wọn.

Kò pẹ́ tí ilé fi tú. Ní 1940, ìjọba Jámánì kó àwọn ènìyàn tirẹ̀ lọ. Ní oṣù kéje ọdún 1941, wọ́n dáná sun sínágọ́gù ńlá. Lẹ́yìn náà ni ìjọba Ròmáníà lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún Júù lọ sí Transnistria, níbi tí ebi, òtútù àti àrùn ti pa ọ̀pọ̀. Traian Popovici, tí ó jẹ́ olórí ìlú nígbà náà, kò gbà. Nǹkan bí 20,000 ni wọ́n ní ó gbà là. Àwọn òbí akéwì Paul Celan kú lẹ́yìn tí wọ́n lé wọn lọ sí Transnistria, síbẹ̀ èdè Jámánì ni ó fi kéwì títí ayé rẹ̀. Lẹ́yìn ogun, àwọn ará Póláńdì àti èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn Júù tí ó kù ṣí lọ.

Ààfin bíṣọ́ọ̀bù àgbà, tí ó ti di yunifásítì, wọ ìwé ogún àgbáyé UNESCO ní 2011. Èyí dára, ṣùgbọ́n kò ṣòro: ilé tí ó ní olùgbé kì í ṣe aláìníbaba. Sínágọ́gù náà ńkọ́? Ìjọba Sófíẹ́ẹ̀tì ti sọ ọ́ di ilé sinimá. Ní 2008, wọ́n ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Júù. Láti 2010 sì ni àjọ̀dún ewì Meridian Czernowitz ti ń mú kí a gbọ́ èdè Jámánì níta gbangba. Lójú tiwa, àjọ̀dún yìí sàn ju ọ̀dà tí a kùn sára ògiri lọ. Ní itẹ́ òkú Júù, àwọn olùyọ̀ǹda ń ro igbó kúrò lórí ọ̀pọ̀ òkúta. Èdè Hébérù àti Jámánì ni a fi kọ orúkọ sí wọn, àwọn tí ó lè kà á nínú ìlú kò sì tó nǹkan.