Ìdáwó, Ìtọrẹ àti Ìwé Ìròyìn: Ọ̀rọ̀ Ilé-Ẹ̀kọ́ Gírámà Ọ̀fà

Ní ọdún 1943 ni Ẹgbẹ́ Ọmọ Ọ̀fà, èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Offa Descendants Union, dá Ilé-Ẹ̀kọ́ Gírámà Ọ̀fà sílẹ̀. Kì í ṣe ìjọba ló dá a sílẹ̀. Ìlú ló dáwó. Ọ̀pọ̀ nínú àwa olùkọ́ ló mọ èyí, a sì máa ń sọ ọ́ fún àwọn ọmọ ilé-ìwé pẹ̀lú ìyangàn, bí ìgbà tí a bá ń sọ nípa ìjàkadì tí a fi mọ Ọ̀fà. Ohun tí a fẹ́ yẹ̀wò níhìn-ín ni ohun tí ó ń sọ owó ènìyàn púpọ̀ di ohun tí ó tọ́jọ́. Èrò wa ni pé inú rere nìkan kò tó. Ó yẹ kí àkọsílẹ̀ tí gbogbo ènìyàn lè kà tẹ̀ lé e.

Ìdáwójọ kì í ṣe ohun tí òyìnbó kọ́ wa. Kí ìwé tó dé ni a ti ń bẹ ọ̀wẹ̀ láti kọ́lé, tí àwọn ọ̀dọ́ ń ṣe àáró lóko, tí àwọn obìnrin ọjà sì ń dá èésú. Bí ẹnì kan bá ṣe ìlú lóore, onílù kò ní jẹ́ kí ó sùn; yóò máa lu oríkì rẹ̀ títí onítọ̀hún yóò fi tún ṣe òmíràn. Ṣùgbọ́n oríkì kì í sọ iye. Ẹni tí ó mú pọ́n-ùn mẹ́wàá wá àti ẹni tí ó kàn ṣèlérí rẹ̀ lè gba ìlù kan náà. (A kò bú onílù o, iṣẹ́ tirẹ̀ nìyẹn.)

Ìwé ìròyìn ni ó mú ọ̀nà mìíràn wá. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1859 ni Henry Townsend, òjíṣẹ́ ìjọ C.M.S., bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròhìn fún Àwọn Ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá ní Abẹ́òkúta. Owó ẹyọ 120 ni wọ́n ń tà á. Ète rẹ̀ ni kí ìwé kíkà mọ́ àwọn ènìyàn lára. Síbẹ̀, kí a má ṣe tàn ara wa jẹ: Townsend tún fi ìwé náà bá ìjọba Èkó jà lórí ọ̀rọ̀ Ẹ̀gbá, kì í sì í ṣe ire nìkan ni ó ń tẹ̀. Ìfọ́lé ọdún 1867 ni ó fòpin sí i.

Nígbà tí ó fi di ọdún 1920 sókè, ìwé ìròyìn Yorùbá ti gbilẹ̀. Adéoyè Dẹ́nígà gbé Èkó Àkéte jáde ní 1922, E. A. Akíntàn gbé Elétí Ọfẹ jáde ní 1923, D. A. Ọbasá bẹ̀rẹ̀ Yorùbá News ní Ìbàdàn ní 1924, I. B. Thomas sì dá Akéde Èkó sílẹ̀ ní 1928. Inú Akéde Èkó yìí ni Thomas ti tẹ àwọn lẹ́tà Ṣẹ̀gilọlá jáde láti 1929 sí 1930, ìtàn obìnrin kan tí ayé rẹ̀ dojú rú tí ó sì ń jẹ ìyà ní ìgbẹ̀yìn. Àánú rẹ̀ ṣe àwọn òǹkàwé débi pé a rí ẹni tí ó fi owó ránṣẹ́ kí wọ́n bá òun fún un. Bẹ́ẹ̀ kò sí Ṣẹ̀gilọlá kankan láyé. Thomas fúnra rẹ̀ ni ó kọ gbogbo rẹ̀. Apá méjì ni a rí nínú èyí. Ìwé títẹ̀ lè mú kí ẹni tí kò rí ọ rí ṣàánú rẹ. Ṣùgbọ́n ìwé kan náà lè gba owó fún ohun tí kò sí. Nítorí náà ni a ṣe ń sọ pé ìròyìn tí ó ń rọ ènìyàn láti ṣe rere kò pé bí kò bá sọ ohun tí a fi owó ṣe.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí Ọ̀fà. Kí ọdún 1910 tó dé ni ojú irin láti Èkó ti gba ibẹ̀ kọjá lọ sí Jẹ́bà. Ọkọ̀ ojú irin kan náà lè gbé oníṣòwò àti ìwé ìròyìn Èkó. Ṣùgbọ́n abẹ́ ìjọba Àríwá ni Ọ̀fà wà, níbi tí ilé-ẹ̀kọ́ gíga kò pọ̀ rárá. Èyí tí ìjọba dá sílẹ̀ ní Kàtsínà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1920 ti wà ní Kàdúná nígbà náà. Ta ni yóò rán ọmọ rẹ̀ lọ síbẹ̀?

Ní oṣù Kìíní ọdún 1955 ni ìjọba Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní àwọn ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn. Awólọ́wọ̀ ti dá Nigerian Tribune sílẹ̀ láti 1949, ó sì ń fi í bá aráàlú sọ̀rọ̀. Ọmọ Òkukù jẹ nínú ètò náà, ọmọ Ìkìrun jẹ níbẹ̀. Ọmọ Ọ̀fà tí kò jìnnà sí wọn, tí èdè wọn sì jẹ́ ọ̀kan, kò jẹ níbẹ̀, nítorí ààlà tí wọ́n fà. Bàbá rẹ̀ lè ka ìròyìn náà, kí ó sì ká ìwé náà pọ̀, kí ó lọ wá owó ilé-ìwé. Bí a bá rántí èyí ni a óò mọ ìwọ̀n ohun tí àwọn tí ó dáwó ní 1943 ṣe.

Ìtọrẹ kò dáwọ́ dúró lẹ́yìn wọn. Olóyè Emmanuel Adesoye dá Adesoye College sílẹ̀ ní 1985. Ẹgbẹ́ Ansar-Ud-Deen, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Èkó ní 1923, sì ṣí Summit University sí Ọ̀fà ní 2015. Gbogbo rẹ̀ dára. Ṣùgbọ́n ọrẹ ẹnì kan rọrùn fún oníròyìn: orúkọ kan, àwòrán kan, ó parí. Ilé-ìwé tí gbogbo ìlú dáwó fún kò ní ojú kan tí a lè yà. Ìdí rẹ̀ nìyí tí ó fi jẹ́ pé, bí a bá ní kí ọmọ kọ àròkọ lórí onínúure ìlú rẹ̀, olówó ni yóò kọ́kọ́ kọ.

Ẹni tí ó jẹ́ ọmọ ogún ọdún ní 1943 ti lé ní ọgọ́rùn-ún báyìí. Àwọn ọmọ wọn ni ó kù, àwọn náà sì ti darúgbó. Ẹ jẹ́ kí a rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa sí wọn pẹ̀lú ìwé àti kálàmù: Ta ni ó ń gba owó ládùúgbò yín? Ṣé ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n san án ni, àbí díẹ̀díẹ̀? Obìnrin ilé ńkọ́, ta ni ó san tiwọn? Ṣé rìsíìtì wà nínú àpótí? Èdè Yorùbá ni kí wọ́n fi kọ ọ́, kí a sì tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé àtìgbàdégbà ilé-ìwé, iye tí oníkálukú san lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀, ìbá à ṣe ṣílè kan péré.