Ẹ̀rọ amúlétutù fún ṣọ́ọ̀bù àti ọ́fíìsì ní Sábó: Ohun tó yẹ kí oníṣòwò mọ̀ kó tó náwó

A kì í dá aró ní Ìṣokùn, àlà là ń lò. Òwe yìí ló yẹ kó wà lọ́kàn ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ra ẹ̀rọ tí yóò máa tu ilé iṣẹ́ rẹ̀ lára ní Sábó, ní agbègbè Yábàá, nílùú Èkó. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Sábó àti ní òpópónà Herbert Macaulay, ilé tó ní ṣọ́ọ̀bù nísàlẹ̀ tó sì ní ọ́fíìsì lókè pọ̀ lọ jàra. Yaba College of Technology, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1947, kò jìnnà síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni Yunifásítì Èkó tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1962. Láti ọdún 2011 tí Co-Creation Hub sì ti ṣílẹ̀kùn ládùúgbò náà ni ọ́fíìsì àwọn ọ̀dọ́ oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ti ń pọ̀ sí i níbẹ̀. Kọ̀ǹpútà ń mú ooru jáde, ènìyàn náà ń mú ooru jáde, oòrùn Èkó kò sì dákẹ́ iṣẹ́ tirẹ̀.

Ohun tó ń kó oníṣòwò sí gbèsè níbẹ̀ kì í sábà jẹ́ iye tó fi ra ẹ̀rọ amúlétutù. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń san owó ọjà, ṣùgbọ́n oṣooṣù ni wọ́n ń san owó iná, ojoojúmọ́ sì ni wọ́n ń da epo sínú ẹ̀rọ amúnáwá. Ẹni tó bá yan ẹ̀rọ tí kò bá ilé rẹ̀ mu lè máa fi èrè ọjà tọ́jú atẹ́gùn tútù láìfura.

Ẹ̀rọ tó ń mú ilé tutù tó tún ń mú un gbóná

Lórí àtẹ àwọn tó ń ta ẹ̀rọ, oníbàárà yóò rí irú kan tó ń ṣe iṣẹ́ méjì: ó ń mú ilé tutù, ó sì ń mú un gbóná. Kò sí idán níbẹ̀. Gbogbo ẹ̀rọ amúlétutù ló jẹ́ pé ooru ni wọ́n ń kó láti ibì kan lọ sí ibòmíràn. Gáàsì tó wà nínú páìpù ń gba ooru inú yàrá, kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ń tì í jáde, abala tó wà níta sì ń da ooru náà sínú afẹ́fẹ́. Nínú ẹ̀rọ oníṣẹ́ méjì, wọ́n fi fáàfù kan kún un tó lè yí ọ̀nà gáàsì náà padà, tí ooru ìta yóò fi máa wọlé. Nítorí pé ooru ni ó ń kó, tí kì í ṣe pé ó ń dá a fúnra rẹ̀, agbára iná kan lè kó ooru tó tó ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀.

Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wúlò fún ọmọ Yorùbá tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù, tàbí ní Chicago ní Amẹ́ríkà, níbi tí òtútù lè pa ènìyàn. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n sábà máa ń gbé àpótí ńlá kan sórí òrùlé ilé ìtajà kékeré, tí yóò máa fi ihò afẹ́fẹ́ pín òtútù tàbí ooru sí gbogbo yàrá. Ní Nàìjíríà pàápàá, ẹni tó ń gbé ní Jos, níbi tí ilẹ̀ ti ga tó nǹkan bí 1,200 mítà, lè rí ìlò rẹ̀ nígbà ọyẹ́.

Ṣùgbọ́n Sábó kì í ṣe Jos. L'Ékòó, òru ọyẹ́ gan-an kì í sábà tutù tó ìwọ̀n 20 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Oníṣòwò tó bá san àfikún owó nítorí pé ẹ̀rọ lè mú ilé gbóná ti ra ohun tí kò ní í lò. Òrùlé onípáànù tó dagun náà kò gba irú àpótí ńlá ti Amẹ́ríkà bọ̀rọ̀. Ohun tí Èkó ń fẹ́ ni ẹ̀rọ tó mọ̀ ọ́n mú tutù, tó sì mọ̀ ọ́n fa ọ̀rinrin jáde.

Ọ̀rọ̀ ọ̀rinrin yìí ló bí ẹ̀rọ amúlétutù fúnra rẹ̀. Lọ́dún 1902, ilé ìtẹ̀wé kan ní Brooklyn, ní New York, ni Willis Carrier ṣe ètò ẹ̀rọ rẹ̀ fún, nítorí pé ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ń mú kí ìwé fẹ̀, kó tún sún kì, tí àwọ̀ kò fi bọ́ síbi tó yẹ. Atẹ̀wé ní Ṣómólú, tí kò jìnnà sí Sábó, kò ní í ṣàì mọ ohun tí à ń wí.

Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́

Àwọn ọlọ́jà l'Ékòó máa ń fi “họ́ọ̀sì” díwọ̀n ẹ̀rọ: họ́ọ̀sì kan, kan àbọ̀, méjì. Ìwọ̀n yìí kò dúró sójú kan láti ilé iṣẹ́ kan sí òmíràn. Ohun tó yẹ kí oníbàárà kà lára ẹ̀rọ ni BTU, èyí tó ń sọ bí ooru tí ẹ̀rọ lè gbé jáde láàárín wákàtí kan ti pọ̀ tó. Họ́ọ̀sì kan sábà máa ń jẹ́ nǹkan bí 9,000 BTU, kan àbọ̀ jẹ́ 12,000, méjì sì jẹ́ 18,000.

Bí àpẹẹrẹ, kí á mú ọ́fíìsì kan tó gùn ní mítà 6, tó fẹ̀ ní mítà 5. Fífẹ̀ ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 30 mítà onígun mẹ́rin. Bí a bá fi 500 BTU lé mítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan, ó di 15,000. Ènìyàn kan tó jókòó síṣẹ́ ń mú nǹkan bí 450 BTU jáde ní wákàtí kan. Ènìyàn mẹ́wàá, ó di 4,500. Wáàtì kan jẹ́ BTU 3.4; kọ̀ǹpútà mẹ́wàá tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń jẹ 100 wáàtì yóò mú 3,400 wá. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 22,900 BTU. Ẹni tó wo fífẹ̀ yàrá nìkan yóò ra họ́ọ̀sì méjì, nígbà tí ọ̀sán bá sì pọ́n, gbogbo ilé yóò máa làágùn.

Fún irú ọ́fíìsì yìí, ẹ̀rọ méjì tó jẹ́ 12,000 BTU dára ju ẹyọ ńlá kan lọ. Nígbà tí ènìyàn bá kéré, ọ̀kan ṣoṣo ni wọn yóò tàn. Bí ọ̀kan bá sì bàjẹ́, iṣẹ́ kò ní í dúró.

Àṣejù náà kò dára. Ẹ̀rọ tó bá tóbi ju yàrá lọ yóò tètè mú un tutù, yóò sì dákẹ́ kó tó fa ọ̀rinrin jáde. Yàrá yóò tutù, síbẹ̀ ara àwọn ènìyàn yóò máa rin gbindin, ara ògiri yóò sì máa hu èbu.

Irú èyí tó bá ilé mu

Ẹ̀rọ ojú fèrèsé, tí gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ wà nínú àpótí kan, rọrùn láti gbé sí, ṣùgbọ́n ó máa ń pariwo, ó sì ń gba ojú fèrèsé tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé. Oní-abala méjì tí wọ́n ń pè ní “sípílíìtì” ló wọ́pọ̀ jù: abala kan wà lára ògiri nínú ilé, ìkejì wà níta. Èyí ló bá ọ̀pọ̀ yàrá ní Sábó mu. Adúróṣánṣán, tó ga bíi kọ́bọ́ọ̀dù, dára fún gbọ̀ngán tàbí ilé ìtajà tó fẹ̀. Èyí tó ń wọ inú sílìn máa ń pín afẹ́fẹ́ sí ọ̀nà mẹ́rin, ṣùgbọ́n ó nílò sílìn tó ní àyè lókè, èyí tí ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ kò ní.

Níbikíbi tí wọ́n bá gbé abala ìta sí, afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ rí àyè gba ara rẹ̀ kọjá. Bí wọ́n bá há a mọ́ àárín ilé méjì, ooru tó ń tú jáde ni yóò tún máa fà sínú, iná tó ń jẹ yóò sì pọ̀ sí i. Kò yẹ kó dojú kọ fèrèsé aládùúgbò, kò sì yẹ kí omi rẹ̀ máa kán sórí àwọn tó ń kọjá. Ayálégbé gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lẹ́nu onílé kó tó lu ògiri.

Iná ni ìyá ọ̀rọ̀

Ẹ̀rọ họ́ọ̀sì kan àbọ̀ tí kì í ṣe “inverter” lè jẹ nǹkan bí 1.1 kìlówáàtì. Bí ó bá ṣiṣẹ́ láìsinmi fún wákàtí 10 lójúmọ́, fún ọjọ́ 26 lóṣù, ó di 286 kìlówáàtì-wákàtí. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, NERC, àjọ tó ń ṣàkóso iná mànàmáná, gbé owó iná àwọn oníbàárà Band A, tí wọ́n yẹ kó máa rí iná fún wákàtí 20 ó kéré tán lójúmọ́, sókè sí 225 náírà fún ẹyọ kan, kí wọ́n tó dín in díẹ̀ lẹ́yìn náà. Ní iye yẹn, ẹ̀rọ kan ṣoṣo yìí yóò jẹ 64,350 náírà lóṣù.

Nínú ẹ̀rọ “inverter”, kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ kì í kàn tàn kó sì kú. Ó máa ń dín eré kù nígbà tí yàrá bá ti tutù. Bí èyí bá dín iná tó ń jẹ kù ní ìdá kan nínú mẹ́ta, oníṣòwò náà ti fi 21,450 náírà pamọ́ lóṣù kan. Nípa bẹ́ẹ̀, owó tó fi lé iye ẹ̀rọ náà yóò padà wá bá a díẹ̀díẹ̀. Kí oníbàárà má ṣe àṣìmú orúkọ yìí: “inverter” tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ ni èyí tí wọ́n so mọ́ bátìrì kí iná má bàa lọ. Ẹ̀rọ amúlétutù “inverter” kò ní bátìrì nínú. Bí iná bá lọ, òun náà yóò kú.

Àǹfààní mìíràn wà níbẹ̀. Kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ àtijọ́ máa ń fa iná tó tó ìlọ́po mẹ́rin sí mẹ́fà nígbà tó bá ń gbéra, ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ amúnáwá kékeré fi máa ń kérora tàbí kó kú. “Inverter” máa ń rọra gbéra, ó sì bá ẹ̀rọ amúnáwá àti iná oòrùn lò dáadáa. Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, tí owó bẹntiróòlù sì fò sókè, ọ̀rọ̀ yìí ti kúrò ní kékeré.

Gáàsì àti ọjà tòkunbọ̀

Gáàsì R-22, tí àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ ń lò, ń ba ìpele ozone tó ń dáàbò bo ayé lọ́wọ́ ìtànṣán oòrùn jẹ́. Lábẹ́ Àdéhùn Montreal ti ọdún 1987, àwọn orílẹ̀-èdè bíi Nàìjíríà gbọ́dọ̀ dín ìlò rẹ̀ kù ní ìdá 67.5 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún 2025, wọ́n sì ní láti fòpin sí i pátápátá, àfi díẹ̀ fún àtúnṣe, lọ́dún 2030. Ẹni tó bá ra ẹ̀rọ R-22 ra ohun tí oúnjẹ rẹ̀ ń wọ́n lọ. R-410A kò ba ozone jẹ́, ṣùgbọ́n ó ń dá kún gbígbóná ayé; R-32 dín ti ìyẹn kù gan-an. Ṣùgbọ́n R-32 lè gbiná, nítorí náà ẹni tó mọ iṣẹ́ ni kó fọwọ́ kàn án, a kò sì gbọdọ̀ rọ ọ́ sínú ẹ̀rọ tí a ṣe fún R-22.

Ẹ̀rọ amúlétutù tòkunbọ̀ wà nínú àwọn ọjà tí ìjọba àpapọ̀ kò gbà kí wọ́n kó wọlé láti òkè òkun. Yàtọ̀ sí òfin, èyí tó bá ti Amẹ́ríkà wá lè jẹ́ ti iná 110 fóòtì, nígbà tí ti Nàìjíríà jẹ́ 230.

Kí ooru tó wọlé

Owó tó dùn-ún ná jù ni èyí tó ń dí ooru lọ́nà. Òpópónà Herbert Macaulay fẹ́rẹ̀ẹ́ gba àríwá sí gúúsù, nítorí náà oòrùn ìrọ̀lẹ́ máa ń kọjú sí ṣọ́ọ̀bù tó bá wo ìwọ̀ oòrùn. Ìbòòrùn níwájú ilé, sílìn lábẹ́ páànù àti aṣọ fèrèsé lè dín ìwọ̀n ẹ̀rọ tí ilé nílò kù. Ọgbọ́n yìí ni Maxwell Fry àti Jane Drew lò nígbà tí wọ́n ya àwọn ilé Yunifásítì Ìbàdàn, tí wọ́n fi ògiri oníhò àti ìbòòrùn gba atẹ́gùn láyè.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó kan ẹ̀mí. Ọ̀pọ̀ sípílíìtì kì í fa afẹ́fẹ́ tuntun wọlé. Afẹ́fẹ́ inú yàrá náà ni wọ́n ń yí po. Bí ẹ̀rọ amúnáwá bá wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí lábẹ́ fèrèsé, èéfín carbon monoxide, tí kò ní òórùn tí kò sì ní àwọ̀, lè ráyè wọ yàrá tí wọ́n tì pa, kó sì pa àwọn tó wà níbẹ̀. Ìta gbangba, níbi tó jìnnà sí ilẹ̀kùn àti fèrèsé, ni ẹ̀rọ amúnáwá gbọ́dọ̀ wà. Ó sì yẹ kí wọ́n máa ṣí fèrèsé fún ìgbà díẹ̀ láàárín ọjọ́.

Ìtọ́jú

Gáàsì kì í tán bí epo. Bí ó bá dín kù, ó ń jò níbì kan. Oníṣẹ́ tó bá kàn ń rọ gáàsì lóṣooṣù láìwá ojú ibi tó ń jò ń kówó lásán ni. Nígbà tí wọ́n bá ń de ẹ̀rọ tuntun, wọ́n gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rọ fa gbogbo afẹ́fẹ́ inú páìpù jáde kí gáàsì tó wọ ọ́. Kí wọ́n máa fọ àsẹ́ rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin, nítorí eruku àti èéfín títì. Bí wọ́n bá fi í sí ìwọ̀n 24 sí 26 dípò 16, ara yóò tu àwọn òṣìṣẹ́, owó iná yóò sì dín kù.

Kí oníṣòwò tó sanwó, kó ti mọ fífẹ̀ yàrá rẹ̀, iye ènìyàn àti kọ̀ǹpútà inú rẹ̀, ìhà tí oòrùn ń gbà wọlé, agbára ẹ̀rọ amúnáwá rẹ̀, àti irú gáàsì tí ẹ̀rọ náà ń lò. Ẹni tó bá mú ìdáhùn ìbéèrè márùn-ún yìí lọ́wọ́ dé ọjà, yóò ṣòro kí ọlọ́jà tó lè ta ẹ̀rọ amúlégbóná fún un nínú ooru Èkó.